Ọ̀bẹ Bàbá Mi àti Òbúkọ Nọẹ́lì

Láti àárọ̀ òní ni etí mi ti wà ní ẹ̀yìnkùlé. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá mi ní Tchaourou, níbi tí mo padà sí lẹ́yìn tí ọkọ mi kú, mo fi aṣọ bo èjìká nítorí ọyẹ́, mo gbé ife tíì dání. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Alásárì tán ni mo gbọ́ ọ. Ṣàà. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ṣàà. Ìró ọ̀bẹ lórí òkúta ni. Mo ta gìrì, tíì dà sí mi lórí ẹsẹ̀, n kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ó gbóná. Ọmọdébìnrin tó ń pa ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọmọ Mùkáílà ọmọ àbúrò mi, bú sẹ́rìn-ín. Mémé ló ń pè mí, bí wọ́n ti ń pe ìyá àgbà níhìn-ín. Ó ní, "Mémé, ṣé ọ̀bẹ lásán ló ń já yín láyà báyìí?"

Kò mọ̀, n kò sì lè dá a lẹ́bi. Ẹni ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ẹ̀yin ọmọ òde òní tó ń ka ìwé yìí náà, ẹ fara balẹ̀, kí n sọ ejò tó bù mí jẹ fún yín, nígbà tí n kò tíì tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, tí ìlú yìí ṣì kéré, tí ẹ̀rù mi sì tóbi jù mí lọ.

Nígbà yẹn, ọkọ̀ ojú irin ṣì ń gba ìlú wa kọjá láti Kútọnu lọ sí Parakou. Bó bá fọn fèrè lọ́nà jíjìn, àwọn ìyá wa á gbé àwo iṣu sísun lé orí, àwa ọmọ á sáré tẹ̀ lé wọn, ajá á tẹ̀ lé wa, gbogbo wa á lọ tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin bí ẹni tó fẹ́ kí ọba. Iṣu ló kún ilẹ̀ wa. Láti Sanson àti àwọn abúlé tó yí i ká ni wọ́n ti ń kó o wá, òkìtì òkìtì lẹ́bàá ibùdókọ̀, débi pé bí àlejò bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, òórùn iṣu tútù àti eruku ni yóò kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Tí àsìkò kajú bá dé, òórùn èso rẹ̀ tó rà ló máa ń gbòde, òórùn dídùn tó ń pani lọ́tí láìmu.

Ilé wa àti ilé Tonton Pọ́ọ̀lù kọ ẹ̀yìn síra wọn. Tonton ni àwa ọmọ ń pe ọkùnrin tó bá tó bàbá wa. Ògiri amọ̀ kan ló wà láàárín. Òjò ti wó apá kan rẹ̀ lulẹ̀ kí wọ́n tó bí mi, kò sì sẹ́ni tó tún un mọ, nítorí ibi tó wó yẹn ti di ọ̀nà. Ẹnu Ògiri la máa ń pè é. Ẹ̀yinná tí a fi ń dáná, iyọ̀ tó tán lójijì, ọmọ tó ń sunkún, ẹjọ́ tó fẹ́ kí àgbà parí òun, gbogbo rẹ̀ ló ń gba ibẹ̀ lọ, tó ń gba ibẹ̀ bọ̀. Mùsùlùmí ni àwa, láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Àwọn ará ilé Tonton Pọ́ọ̀lù wá láti Ṣábẹ̀, ìjọ Àgùdà ni wọ́n ń lọ, òun alára sì ni katikíìsì wọn, ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́. Òun àti Sáíbù bàbá mi jọ dàgbà ni, oko wọn pààlà. Tèrésà ọmọ rẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi. Bí ẹ bá ń wá mi nígbà yẹn, ẹ kàn wá Tèrésà.

Àṣà kan wà láàárín ilé méjèèjì tó ṣáájú àwọn bàbá wa. Bí ọdún Kérésìmesì bá ń bọ̀, èyí tí àwa níhìn-ín ń pè ní Nọẹ́lì, àwọn ará ilé Tonton Pọ́ọ̀lù á ra òbúkọ kan. Ṣùgbọ́n wọn kì í pa á fúnra wọn. Bàbá mi ni wọ́n ń retí. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ọwọ́ Mùsùlùmí kò bá pa ẹran, tí kò pe orúkọ Ọlọ́run sí i bó ti yẹ, àwa kò ní lè jẹ níbẹ̀, àwọn sì sọ pé ọdún tí àwọn aládùúgbò bá ń wo ọbẹ̀ láìlè tọ́ ọ wò, ọdún kọ́ nìyẹn. Nítorí náà, lọ́jọ́ tó ṣáájú ọdún, lẹ́yìn Alásárì, bàbá mi á yọ ọ̀bẹ rẹ̀ tó ní èèkù funfun kúrò nínú àjà, á pọ́n ọn títí á fi mú, á sì gba Ẹnu Ògiri kọjá. Tonton Pọ́ọ̀lù á fi okùn òbúkọ lé e lọ́wọ́. Bàbá mi á kọjú sí gábàsì, á ní "Bísímílà", á ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ní gbogbo àsìkò yẹn Tonton á ti ṣí fìlà, á dúró láìmira. Bí bàbá mi bá parí, Tonton á wá fi ọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú, á gba àdúrà tirẹ̀ sórí ẹran àti sórí gbogbo ẹni tó máa jẹ ẹ́, bàbá mi náà á sì dúró bí ẹni tó ń dúró kí ọkọ̀ ojú irin kọjá kó tó sọdá. Kò sẹ́ni tó ń ṣe àmín sí ti ẹnì kejì. Kò sì sẹ́ni tó ń kúrò kí ẹnì kejì tó parí.

Èmi kì í wò ó rárá o. Ojo ni mí láti kékeré. Bí mo bá ti gbọ́ ìró ọ̀bẹ lórí òkúta, abẹ́ àká iṣu ni mo ń sá sí, màá fi ìka di etí méjèèjì. Tèrésà ni yóò wá bá mi níbẹ̀ lẹ́yìn náà, á sì ròyìn gbogbo rẹ̀ fún mi pẹ̀lú àfikún, títí èébì á fi máa gbé mi.

Ọdún tí mò ń sọ yìí ni Àáfà Yàyá dé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, ó ti lọ kẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà jíjìn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó wá sọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin lọ́jọ́ kan pẹ̀lú aṣọ funfun báláú àti àpótí ìwé. Ẹ má rò pé ènìyàn burúkú ni. Ó rẹwà, ohùn rẹ̀ dùn, ó ń fi sùúrù kọ́ wa ní lẹ́tà lórí wàláà, kò sì na ọmọ kankan rí. Ìyẹn gan-an ló mú kí n gba gbogbo ohun tó bá sọ gbọ́. Nígbà tó wá bẹ̀rẹ̀ wáàsí lábẹ́ igi igbá níwájú mọ́sáláṣí, tó sọ̀rọ̀ iná, iná yẹn kò jìnnà sí mi mọ́. Ó ní iná kan wà tí kì í kú. Ó ní ẹni tó bá ń bá kèfèrí jẹ nínú àwo kan, wọn á jọ jẹ iná náà ni.

Ẹ̀yin tó ń ra kajú nínú ọ̀rá, ẹ kò mọ bí a ti ń sun ún láyé ìgbà yẹn. A ó da hóró rẹ̀ sínú agolo tí a ti fi ìṣó lu nídìí, a ó gbé e ka iná. Bó bá gbóná dé ibì kan, epo tó wà lára èèpo á tú jáde, iná á gbà á lójijì, á ru sókè pẹ̀lú èéfín dúdú, epo náà á máa ta káàkiri. Ibi tó bá bà lára ènìyàn, awọ ibẹ̀ á bó. Àpá rẹ̀ wà ní ọrùn ọwọ́ mi títí dòní. Iná kajú ni mo mọ̀ jù, nítorí náà nígbà tí Àáfà Yàyá ń sọ̀rọ̀, iná kajú ni mò ń rí, Tèrésà sì wà láàárín rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ rẹ̀ tó ní òdòdó pupa.

Oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́. Bí mo bá sùn, mo ń lá iná. Nígbà tí n kò lè mú un mọ́ra, mo fà á lọ sábẹ́ igi kajú tó wà lẹ́yìn ilé wọn, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un pẹ̀lú ẹkún, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó wá di tiwa, kó má bàa jóná. Tèrésà wò mí.

Ó ní, "Ṣùgbọ́n èmi náà ti ń wá bí màá ṣe sọ tìrẹ fún ọ. Tonton Matíyù ní ẹni tí wọn kò bá ṣe ìrìbọmi fún, ilẹ̀kùn á tì mọ́ ọn lójú. Mo bi í léèrè nípa tìrẹ. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ìwọ náà wà níbẹ̀."

Matíyù ni àbúrò bàbá rẹ̀, géńdé tí inú rẹ̀ tètè máa ń ru. Bí àwa méjèèjì ti bú sẹ́kún nìyẹn, olúkúlùkù ń sunkún nítorí ẹnì kejì, olúkúlùkù ń bẹ ẹnì kejì. Nígbà tí ẹkún dá, a bẹ̀rẹ̀ sí í dúnàádúrà bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe lọ́jà. Mo ní kó máa tẹ̀ lé mi lọ sí mọ́sáláṣí ní Jímọ̀, kí èmi náà máa tẹ̀ lé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi, kí iná máa wá wa tì. Tèrésà ronú sí i títí. Ó ní Ọlọ́run á mọ̀ pé à ń rẹ́ Òun jẹ ni, kò sì ní dára fún wa. Mo gbà pé òótọ́ ni. A padà sílé bí a ti wá, pẹ̀lú ẹ̀rù wa lọ́wọ́.

Kò pẹ́ tí ìyá mi lọ mú ẹ̀yinná lọ́dọ̀ ìyá Tèrésà ní kùtùkùtù, tó sì padà pẹ̀lú páànù òfìfo. Wọ́n ti fi ẹ̀ka igi ẹlẹ́gùn-ún dí Ẹnu Ògiri. Gbogbo wa jáde lọ wò ó. Ohun tó já mi láyà jù ni pé ìdí àwọn ẹ̀ka kan kọ sọ́dọ̀ wa, ti òmíràn sì kọ sọ́dọ̀ wọn. Ọmọdé ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo ti bá wọn fi ẹ̀gún ṣe ọgbà fún ewúrẹ́ rí, mo mọ̀ pé ìdí ẹ̀ka ni ènìyàn ń dì mú. Láti ìhà méjèèjì ni wọ́n ti dí i, ọ̀rọ̀ Àáfà Yàyá níhìn-ín, ọ̀rọ̀ Matíyù lọ́hùn-ún. Bàbá mi dé láti oko, ó dúró níwájú ẹ̀gún náà, ó wò ó. Ó wọlé. Bàbá mi tó máa ń bá ewúrẹ́ sọ̀rọ̀, tó máa ń bú òjò bó bá pẹ́, kò sọ nǹkan kan.

Láti ọjọ́ yẹn ni ìbẹ̀rù ti di ará ilé wa. Àwọn awakọ̀ tó ń gba Tchatchou bọ̀ máa ń sọ ìtàn àwọn ìlú tí wọ́n gbọ́ nípa rẹ̀, níbi tí aládùúgbò ti sun ilé aládùúgbò nítorí ẹ̀sìn. Bóyá irọ́ ni, bóyá òótọ́ ni, n kò mọ̀, ṣùgbọ́n mo rí i tí ìyá mi di ẹrù kékeré kan sẹ́nu ọ̀nà, tó pọn omi kún gbogbo ìkòkò, tó sì ní kí a má lọ jìnnà sílé mọ́. Àwọn obìnrin kì í kọrin mọ́ bí wọ́n bá ń gúnyán. Mo ń gbọ́ òbúkọ Nọẹ́lì tó ń ké ní ìhà kejì ògiri, ohùn rẹ̀ ń gba inú ẹ̀gún wá bá mi. Mo ń gbọ́ ikọ́ Tèrésà pẹ̀lú, ikọ́ ọyẹ́ tó máa ń mú un lọ́dọọdún. N kò lè dá a lóhùn.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn gbogbo wa, kò sì sẹ́ni tó lè bi í jáde. Ṣé bàbá mi á lọ, àbí kò ní lọ? Bí kò bá lọ, àwọn ará ibẹ̀ á pa ẹran wọn fúnra wọn, àwa kò ní jẹ, bí Iléyá bá sì dé, wọn kò ní jẹ tiwa. Ẹ̀gún náà á gbẹ síbẹ̀, wọ́n á mọ ògiri lé e. Èmi kò ní rí Tèrésà mọ́ àfi lójú pópó, bí ẹni rí ọmọ ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà lọ́jọ́ tó ṣáájú ọdún, mo gbọ́ tí Àáfà Yàyá ń bá bàbá mi sọ̀rọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ìfẹ́ yín ló mú mi sọ ọ́. Ọ̀bẹ yín kò gbọdọ̀ kan ẹran ọdún wọn." Bàbá mi ní, "Mo ti gbọ́." Ó gbé ọkọ́ rẹ̀ lọ sóko. Kí ni ọmọdé lè rí mú nínú "mo ti gbọ́"?

Oòrùn yí. Wọ́n kírun Ayilá, wọ́n kírun Alásárì. Ọ̀bẹ kò kúrò nínú àjà. Mo jókòó sídìí àká iṣu láti wò ó. Ó ya èmi fúnra mi lẹ́nu pé ọ̀bẹ tí mo ń sá fún lọ́dọọdún ni mò ń wo èèkù rẹ̀ báyìí, tí mo sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ̀ kalẹ̀.

Ìgbà tó wá sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀rù náà burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bàbá mi kò pe ẹnikẹ́ni kó bu omi wá bó ti máa ń ṣe. Ó na ọwọ́ sókè, ó fa ọ̀bẹ yọ, ó jókòó ti òkúta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ọn. Ṣàà. Ṣàà. Iṣan ọrùn rẹ̀ le. Ojú rẹ̀ pọ́n. Àáfà Yàyá jáde wá, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́." Bàbá mi dìde, ọ̀bẹ ń dán lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì sọ ohun tó ju "mo ti gbọ́" lọ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́: "Kò sí ẹni tó máa sọ ibi tí ọ̀bẹ mi máa gbà fún mi." Ó kọjú sí Ẹnu Ògiri.

Ẹ ṣáà wò ó pẹ̀lú ojú ọmọdé. Ẹ fi ti àwọn awakọ̀ kún un, ẹ fi ti ẹrù tí ìyá mi dì kún un. Mo gbà pé bàbá mi ń lọ pa ènìyàn ni. N kò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo gba ojú pópó sáré, mo yí ìdí kànga po, mo fẹsẹ̀ gbún ẹrù iṣu ẹnì kan, ó bú mi, mo ń sáré lọ. Mo já wọ agbolé Tonton Pọ́ọ̀lù, mo sì fi gbogbo ohùn tó wà lára mi ké: "Tonton, ẹ sá! Ẹ sá o! Bàbá mi ń bọ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ!"

Ìkòkò ńlá wà lórí àdògán, kò sí iná lábẹ́ rẹ̀. Ìyá Tèrésà dúró pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́, Tèrésà dì mọ́ ọn láṣọ. Matíyù ti mú ọ̀bẹ ilé ìdáná dání, ó jọ pé ó ti ń ja ìjà pé òun á pa ẹran náà fúnra òun láti àárọ̀, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò gbà. Bó ti gbọ́ ohùn mi, ó sọ ọ̀bẹ nù, ó gbé ọmọ odó. Ṣùgbọ́n Tonton Pọ́ọ̀lù tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tó fọwọ́ lẹ́rán, kò dìde. Ó wò mí.

Ó ní, "Ọmọ mi, tún un sọ."

"Bàbá mi ń bọ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ."

"Ọ̀bẹ wo? Èyí tó ní èèkù funfun?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, tonton."

"Ó pọ́n ọn?"

"Ó pọ́n ọn, ó mú gan-an, ẹ dákun, ẹ sá!"

Tonton Pọ́ọ̀lù fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo rò pé ẹ̀rù ló ń pa á, àfi ìgbà tó ṣí ojú, tí mo rí i pé omijé àti ẹ̀rín ló dàpọ̀ síbẹ̀. Ó dìde. Ó ní, "Ìyá Tèrésà, dáná. Sáíbù ń bọ̀." Lẹ́yìn náà ló yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Bon, Matíyù, gbé ọmọ odó yẹn padà fún ẹni tó fẹ́ gúnyán."

Nígbà tí a dé ìdí ògiri, bàbá mi ti wà ní ìhà kejì. Ó lè gba ojú pópó bí èmi ti ṣe, ṣùgbọ́n kò fẹ́. Ó ti gbé ọ̀bẹ lé orí ògiri, ó ń fi ọwọ́ lásán fa ẹ̀gún. Tonton Pọ́ọ̀lù káwọ́ aṣọ, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í fa ti ìhà tirẹ̀. Wọn kò kíra. Ẹ̀jẹ̀ ń yọ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ihò náà fẹ̀ tó kí wọ́n rí ojú ara wọn, bàbá mi ní, "Pọ́ọ̀lù, ẹ̀gún rẹ pọ̀ ju tèmi lọ." Tonton ní, "Irọ́ ni. Láti ìgbà tí a ti jọ ń dá oko lo ti máa ń purọ́ nípa iye." Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ẹ̀rín tó dà bí ẹkún.

Àáfà Yàyá ti tẹ̀ lé bàbá mi wá, ó dúró pẹ̀lú ìbànújẹ́ lójú. Bàbá mi kò jágbe mọ́ ọn. Ó ní, "Yàyá, o sọ̀rọ̀, mo gbọ́, ìfẹ́ lo sì fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá pe orúkọ Ọlọ́run sórí ẹran, ṣé orúkọ náà máa yí padà nítorí ilé tí ẹran ti wá ni? Bí ọkàn rẹ kò bá gbà á, má jẹ ẹ́. Kò sẹ́ni tó máa fi dandan mú ọ." Ó mú ọ̀bẹ lórí ògiri, ó kọjá.

Lọ́jọ́ yẹn, fún ìgbà àkọ́kọ́, n kò sá lọ sábẹ́ àká. Mo dúró. Ọwọ́ Tèrésà wà nínú tèmi, ó ń làágùn bí tèmi. Mo rí bí wọ́n ti fi okùn lé bàbá mi lọ́wọ́, mo gbọ́ "Bísímílà", mo rí Tonton tó ṣí fìlà. Mo rí bàbá mi pẹ̀lú ọ̀bẹ tó sọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, tó ń dúró kí àdúrà ọ̀rẹ́ rẹ̀ parí, àdúrà náà sì gùn lọ́dún yẹn, Ọlọ́run ló mọ̀. Kò mira. Eṣinṣin ń bà á lójú, kò lé e.

Àáfà Yàyá kò jẹ nínú ẹran náà. Ìyá mi se ẹ̀wà fún un lọ́tọ̀, bàbá mi sì kìlọ̀ pé a kò gbọdọ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kò jẹ ẹ́ rí títí tó fi kúrò nílùú wa. Ṣùgbọ́n láti ọdún kejì, òun ló ń bá bàbá mi di ẹsẹ̀ òbúkọ mú.

Ìbéèrè iná kò tíì tán lọ́kàn mi. Nígbà tí ọdún kọjá, tí mo tẹ̀ lé bàbá mi lọ sóko, mo bi í léèrè bóyá Tèrésà máa jóná. Ó ní Ọlọ́run ló ni iná, kò sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọ́wọ́ òun. Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ òun ló wà ni, òun ti mọ àwọn tó ń jí òun níṣu tí òun máa kọ́kọ́ kó síbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ohun tí mo gbàgbọ́, mo ti sọ ọ́ fún Pọ́ọ̀lù lójú ọ̀nà yìí, ó gbọ́. Òun náà sọ tirẹ̀, mo gbọ́. Kò yí mi, n kò yí i."

Mo ní, "Ṣé ẹ̀rù kì í bà yín nítorí rẹ̀?"

Ó ní, "Ó ń bà mí. Òun náà ń bẹ̀rù nítorí mi, ó ti sọ fún mi. Bí n kò bá fẹ́ràn rẹ̀, kí ló máa bà mí lẹ́rù?"

Àwọn méjèèjì ti lọ báyìí, wọ́n sì ti mọ ohun tí àwa kò mọ̀. Tèrésà náà ti lọ. Nígbà tí wọ́n sin ín, mo dúró nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, n kò ṣe àmín, n kò sì kúrò. Mi ò ní purọ́ fún yín, ẹ̀rù yẹn kò tíì kúrò lára mi. Bí mo bá wólẹ̀, mo ń dárúkọ rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ó ti dárúkọ tèmi níbi tirẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ọkọ̀ ojú irin kò fọn fèrè mọ́, koríko ti bo irin. Zémìjàn, alùpùpù akérò, ló ń gbé ènìyàn kiri. Ògiri amọ̀ ti di ti bíríkì, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń mọ ọ́n, wọ́n fi Ẹnu Ògiri sílẹ̀, wọ́n fi ilẹ̀kùn irin sí i. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n Tèrésà ló ń gbé ìhà kejì. Ọ̀bẹ eléèkù funfun wà lọ́wọ́ Mùkáílà. Wáàsí kò sí lábẹ́ igi igbá nìkan mọ́, inú fóònù ló wà, Mùkáílà sì ti ń gbọ́ ọ̀kan báyìí láti ìdájí, ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó dùn, tó ń sọ̀rọ̀ iná. Ilẹ̀kùn irin ti wà ní títì láti bí ọjọ́ mélòó kan. Mùkáílà kò sọ̀rọ̀ ọdún, n kò bi í, mo kàn ń gbọ́ òbúkọ tó ń ké ní ìhà kejì. Ìdí nìyẹn tí etí mi fi wà ní ẹ̀yìnkùlé láti àárọ̀. Ìró ọ̀bẹ kọ́ ló ń dẹ́rù bà mí, ẹ̀yin ọmọ. Ọdún tí n kò bá gbọ́ ọ ni mò ń bẹ̀rù.

Ṣàà. Ó tún dún. Mo fi etí aṣọ nu tíì kúrò lẹ́sẹ̀, mo nu ojú mi mọ́ ọn. Mo sọ fún ọmọdébìnrin náà pé kó fi ẹ̀pà sílẹ̀, kó dìde, kó ṣí ilẹ̀kùn irin, kó sáré lọ sílé kejì.

Ó ní, "Kí n sọ kí ni fún wọn, Mémé?"

Mo ní, "Sọ fún wọn kí wọ́n dáná. Sọ pé bàbá rẹ ń bọ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ."